Kíkọ́ Mọ́tò Nínú Ọyẹ́

Àkókò ọyẹ́ ni ètè ń bó, tí gìgísẹ̀ ń là, tí àwọn ìyá ń fi òrí pa ọmọ lára kí wọ́n tó jẹ́ kí ó yọjú síta. Àkókò yìí kan náà sì ni àwọn tí ń kọ́ mọ́tò máa ń pọ̀ ní ojú títì wa ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ jáde sí ìhà Ògo-Olúwa ní Òṣogbo, tàbí kí ẹ dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìmọ̀ ní Iléṣà, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi rí ọkọ̀ tí a so pátákó funfun mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, tí a fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà L gàdàgbà sí, tí ó ń rìn díẹ̀ tí ó ń ta gìrì, tí àwọn ọlọ́kadà sì ń fọn fèrè lé e lẹ́yìn láìní àánú.

Ìdí tí wọ́n fi ń pọ̀ kò fara sin. Owó kòkó ti dé ọwọ́ àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti gba ìsinmi, ọmọ tí ó wà ní ìlú òyìnbó ti fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, ìyá oníṣòwò tí ó ti ń wọ ọkọ̀ akérò láti ọjọ́ pípẹ́ sì ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọdún yìí ni òun yóò fi ọwọ́ ara òun wakọ̀ relé ọdún. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, ohun kan tún wà tí ó wà lọ́kàn gbogbo wọn, ìyẹn ni pé wọ́n gbà pé ẹ̀ẹ̀rùn rọrùn. Òjò kò rọ̀, ẹrẹ̀ kò sí, títì gbẹ fúrúfúrú. Kí ni ó tún kù tí yóò dẹ́rù ba ẹni?

Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn, ó sì tún yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ìwakọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó lọ jókòó sílé títí di oṣù kẹta, nígbà tí ojú ọ̀run yóò mọ́. Ọyẹ́ kò rọrùn rárá. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò rọrùn ni mo fi sọ pé kò sí ìgbà tí a lè kọ́ ọkọ̀ tí ẹ̀kọ́ náà yóò wọ ara tó ìgbà ọyẹ́, bí a bá fi ẹ̀sọ̀ ṣe é, tí a sì mọ ohun tí a ń bá pàdé.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo ilé ọyẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Chad, ní ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn sí adágún tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ilẹ̀ kan wà tí ó rẹlẹ̀ tí à ń pè ní Bodélé. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan ni ilẹ̀ yìí jẹ́ ní ayé àtijọ́, kí omi tó gbẹ níbẹ̀, tí ó sì fi ẹ̀tù funfun lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ láti máa fi ṣeré. Òkè Tibesti wà ní apá kan, òkè Ennedi wà ní apá kejì. Afẹ́fẹ́ aginjù tí ó bá ti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn bọ̀ a gba àárín àwọn òkè méjèèjì yìí kọjá pẹ̀lú ipá, a gbá ẹ̀tù náà nílẹ̀, a gbé e sókè réré, a sì máa gbé e bọ̀ lórí Borno, lórí Kano, títí yóò fi bà lé ewé kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bẹ́ẹ̀ ni òmíràn nínú rẹ̀ kì í dúró lọ́dọ̀ wa rárá, tí ó ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń di ajílẹ̀ fún igbó Amazon. Láti oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni afẹ́fẹ́ yìí ń jọba. Àjọ tí ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí à ń pè ní NiMet, a máa kéde pé eruku ọyẹ́ ti nípọn nígbà tí ojú kò bá ríran ju 1,000 mítà lọ, àwọn awakọ̀ òfuurufú a sì gbọ́ ìkéde náà, wọn a so bàálù mọ́lẹ̀, àwọn èrò a sì máa ráhùn ní pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Ojú lásán ni a fi ń wakọ̀ ní tiwa, kò sí ẹni tí yóò so wá mọ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí òkè pọ̀ sí, eruku tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá a máa bá ìkúùkù òwúrọ̀ tí ń gbéra láti inú àfonífojì pàdé, àwọn méjèèjì a dì pọ̀ mọ́ra wọn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá tètè jí lọ sí ìhà Ìwárája tàbí Ẹ̀rìnmọ̀ lè má rí ju 50 mítà lọ níwájú rẹ̀. Bí ó bá sì di agogo méjìlá ọ̀sán, oòrùn yóò ti lé ìkúùkù lọ, eruku nìkan ni yóò kù, ojú yóò sì ríran dé ibi tí ó jìnnà díẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀nà kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n títì àárọ̀ àti títì ọ̀sán ti di méjì.

Mo gbọ́ bí ọ̀gá kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ṣe ń kọ́ ìyá oníṣòwò kan ní mọ́tò ní ọ̀nà Ìbòkun ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan. Ó ní, “Mà, kí ni ẹ rí níwájú?” Ìyá dáhùn pé, “Mo rí ọ̀pẹ.” “Lẹ́yìn ọ̀pẹ ńkọ́, mà?” “Tíṣà, n kò rí nǹkan kan lẹ́yìn ọ̀pẹ.” “Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, kí ni ẹsẹ̀ yín ń ṣe lórí tọ́tù?” Inú ìyá kò dùn. Ó ní, “Ṣebí títì ló wà níbẹ̀ ni, àbí wọ́n ti kó o lọ? Láti kékeré ni mo ti ń gba ibẹ̀.” Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ ń gba ibẹ̀ lóòótọ́, mà, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ lánàá.”

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí dúró lé lórí, ẹ sì jẹ́ kí a fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Ọkọ̀ tí ó bá ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ 22 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí ewúrẹ́, kí ọkàn tó gbà pé ewúrẹ́ ni, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí tọ́tù bọ́ sórí bíréèkì, awakọ̀ tí ó dáńtọ́ pàápàá yóò ti lo ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀, 33 mítà yóò sì ti kọjá sẹ́yìn rẹ̀. Bíréèkì tí ó dára lórí títì gbígbẹ yóò tún jẹ tó 36 mítà kí ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí 70 mítà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń wá bíréèkì kiri, ẹ bu 20 mítà kún un fún un. Bí ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá wá ríran ju 50 mítà lọ, ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò dúró, ewúrẹ́ ti bọ́ sí ẹ̀yìn táyà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 50 kìlómítà ní wákàtí kan ni ó ń sá, 14 mítà ni yóò máa jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 35 mítà yóò sì tó fún awakọ̀ tí ara rẹ̀ yá láti rí ohun tí ó wà níwájú kí ó sì dúró. Ọmọ iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ ṣe iyè méjì, yóò dúró ní gẹ́rẹ́ ohun tí ó rí.

Ẹ̀kọ́ tí ọyẹ́ ń kọ́ni nìyí: ibi tí ojú bá dé ni kí ọkọ̀ lè dúró sí. Òfin ìrìnnà wa gbà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sá 50 kìlómítà ní àárín ìlú àti 80 ní ojú ọ̀nà ńlá tí kì í ṣe ọ̀nà márosẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí ó mọ́ kedere ni òfin náà ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ ọkọ̀ ní oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún, tí ojú rẹ̀ ń rí ibi tí títì ti ń tẹ̀ kọ́rọ́ ní òkèèrè, kò rí ohun tí yóò fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ó ń sá eré nítorí pé ó ń ríran. Nígbà tí kò bá wá ríran mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ eré, kò mọ ìdádúró. Ọmọ ọyẹ́, ní tirẹ̀, ti kọ́ láti bi ara rẹ̀ léèrè ní gbogbo ìgbà pé, kí ni mo rí, kí ni ó wà lẹ́yìn ohun tí mo rí? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí mọ èyí dáradára, kò sì jẹ́ pé wọ́n yàn án. Ojú irin dé Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ìhà Ọ̀ffà àti Ìlọrin, ṣùgbọ́n kò yà sí Iléṣà rí. Nítorí náà, orí ènìyàn ni kòkó Ìjẹ̀ṣà kọ́kọ́ gùn dé ibùdó ojú irin ní Òṣogbo, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ náà. Láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni ìkórè ńlá kòkó máa ń bọ́ sí. Ìyẹn ni pé ìgbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ pọ̀ jù lọ ní ọdún ni ìgbà tí ojú ọ̀nà ṣú jù lọ, tí eruku pupa ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, tí eruku funfun aginjù ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òṣómàáló pẹ̀lú, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ń ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń tà á láwìn, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń dúró dè láti gba gbèsè wọn, nítorí ìgbà náà ni owó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mọ́tò ti ń kọ́ iṣẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kò sí nígbà náà. Ọmọ mọ́tò a jí ṣáájú ọ̀gá rẹ̀, a bu omi sí rádíétọ̀, a ki irin ìyíná bọ iwájú ọkọ̀, a sì máa yí i títí apá yóò fi ro ó, nítorí ẹ́ńjìnnì a máa ya ọ̀lẹ ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń pọ́n òkè, òun ni yóò bẹ́ sílẹ̀, tí yóò gbé igi ìdíná dání, tí yóò máa sá tẹ̀lé táyà ẹ̀yìn, pé bí ọkọ̀ bá fẹ́ fà sẹ́yìn kí ó ti igi náà bọ ìdí rẹ̀. Bí kùrukùrù bá sọ̀, òun náà ni yóò rọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ tí yóò na ọrùn síta, tí yóò máa ké pe ọ̀gá pé ẹni kan ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ kan wà lápá ọ̀tún, afárá ti dé. Ọdún púpọ̀ ni yóò fi ṣe ojú fún ẹlòmíràn kí a tó fún un ní sítíárì dì mú. N kò sí lára àwọn tí ń sọ pé ayé àtijọ́ sàn ju tòní lọ. Ẹrù tí wọ́n ń dì sínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, bíréèkì wọn kò sì ṣe é fọkàn tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jókòó sí àyè dírẹ́bà, ojú rẹ̀ ti gba oyè kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Lóde òní, ọwọ́ ni a kọ́kọ́ ń kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ́ jíà, ó ń kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn wọlé, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní Iléṣà pàápàá, ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń dúró lórí òkè tí a sì ń gbéra láìfà sẹ́yìn, kí ó má ṣe dán ìhà Òkèṣà wò ní ọjọ́ ọjà. Ilẹ̀ Òṣogbo tẹ́ díẹ̀ ju ti Iléṣà lọ, títì rẹ̀ sì fẹ̀ ní àwọn ibì kan, èyí ni mo fi máa ń rò pé kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ́ ọkọ̀ ní Òṣogbo kí ọmọ Òṣogbo sì lọ parí tirẹ̀ ní Iléṣà. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará Òṣogbo, òkè ni mo gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọyẹ́. Ohun tí ó ń ya mí lẹ́nu jù lọ nínú ìwà àwọn awakọ̀ wa ní àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ iná. Bí kùrukùrù bá bo ojú ọ̀nà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹlòmíràn ń ṣe ni kí ó tan iná ńlá, èyí tí ń wo òkè. Eruku tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ yóò gba ìmọ́lẹ̀ náà, yóò sì dá a padà sí ojú ẹni tí ó tàn án, tí yóò fi dà bí ẹni tí ó kọjú sí ògiri tí a fi ẹfun kùn. Iná kékeré, èyí tí ń wo ilẹ̀, ni ó yẹ. Ẹlòmíràn yóò tan iná ìtọ́ka méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò máa ṣẹ́jú pá, pá, pá, láti Iléṣà dé Ìpetu. Iná yìí, ọkọ̀ tí ó ti dúró ni a dá a sílẹ̀ fún. Ẹni tí ó bá tàn án nígbà tí ó ń rìn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹnu ara rẹ̀, nítorí nígbà tí ó bá fẹ́ yà sí ọwọ́ òsì, kò sí bí ẹni ẹ̀yìn yóò ṣe mọ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí kò tan iná kankan, tí ó ní ilẹ̀ ti mọ́, òun sì ń ríran. Ó gbàgbé pé kì í ṣe nítorí kí òun lè ríran nìkan ni a ṣe fi iná sára ọkọ̀. A fi í síbẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí òun, pàápàá bí ọkọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ eérú, àwọ̀ ọyẹ́ gan-an.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe náà dára fún ọmọ tí ń wo bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú títì nínú ọyẹ́, ó ti pa ènìyàn. Awakọ̀ tí kò ríran dáradára yóò rí iná pupa méjì níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn, èrò rẹ̀ ni pé ibi tí ẹni iwájú bá ti kọjá, òun náà yóò kọjá. Bí ẹni iwájú bá ya bàrá nítorí kòtò, tàbí tí ó bá lọ rọ́ lu tírélà tí ó bàjẹ́ sójú ọ̀nà láìní iná, ẹni ẹ̀yìn yóò bá a níbẹ̀, ẹni kẹta yóò sì bá ẹni kejì. Ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ mọ́, a máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó wo òpó iná tí ọkọ̀ iwájú kọjá, kí ó máa kà á láti ìgbà náà, kí ìṣẹ́jú àáyá méjì ó kéré tán kọjá kí òun náà tó dé ibẹ̀. Nínú ọyẹ́, kí ó kà á dé mẹ́rin; bí ó bá sì jẹ́ pé kò rí òpó náà, kí ó wá ibi tí ó fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, kí ó jìnnà sí ojú ọ̀nà, kí ó jókòó kí oòrùn gòkè. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Kì í ṣe eruku nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò pàdé. Àkókò yìí ni àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ń sun igbó, èéfín a sì máa ré kọjá títì lójijì, ó nípọn ju ọyẹ́ lọ, kì í sì í kìlọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ títì ti di ibi tí àwa ará oko ń sá nǹkan sí: kòkó wà níbẹ̀, láfún wà níbẹ̀, àgbàdo wà níbẹ̀, ìyá arúgbó kan sì wà níbẹ̀ tí ó tẹ̀ ba, tí ó ń fi ọwọ́ yí i padà, tí ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Àgùntàn àti ewúrẹ́ ní tiwọn a máa sùn sórí ọ̀dà títì ní òru nítorí pé ó ṣì ní ooru oòrùn àná nínú, wọn kì í sì í fẹ́ dìde ní kùtù. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ó bá wà ní àárín ìlú kò ní èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí láti fi han akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ni mo fi ń bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n máa mú ọmọ iṣẹ́ wọn jáde lọ sí ọ̀nà oko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé epo mọ́tò ti wọ́n.

Ti ara ọkọ̀, n ó mẹ́nu bà á fẹ́ẹ́rẹ́ kí n kọjá, nítorí mẹkáníìkì yín mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ fọ gíláàsì ní inú àti ní òde ní òwúrọ̀, kí ẹ sì da omi sí i kí ẹ tó tan wípà, nítorí wípà tí ó bá ń fa eruku gbígbẹ yóò ha gíláàsì náà. Ohun èlò tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì a máa dí kíákíá. Kí a wọn atẹ́gùn táyà ní òwúrọ̀ nígbà tí ó tutù, kì í ṣe ní ọ̀sán lẹ́yìn ìrìn, nítorí ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn a máa wú atẹ́gùn inú táyà. Èyí tí ó bá sì ti gbó, tí ó ti là, kí a má fi ṣe ọdún.

Àwọn ará ilẹ̀ olótùútù ti rí irú èyí nínú yìnyín tiwọn. Ní Finland, ní Sweden àti ní Norway, a kì í fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láì jẹ́ pé ó ti kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ lórí ilẹ̀ tí ń yọ̀. Ibùdó pàtàkì wà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, akẹ́kọ̀ọ́ a tẹ bíréèkì níbẹ̀, ọkọ̀ a yí po, ẹ̀rù a bà á, yóò sì mọ̀ láti ọjọ́ náà pé eré ní ibi tí apá awakọ̀ kò ti ní ká a mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, bí yìnyín bá bo títì wọn a máa sún ìdánwò síwájú. Ọgbọ́n ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí a bá bi mí, ti Finland ni mo mú. Ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ sì tún kù. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, kò gbọdọ̀ jókòó sí àyè dírẹ́bà. Ẹni tí ó bá ti pé é, kí ó gba ìwé ìyọ̀ǹda akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹni tí ó ní láísẹ́ńsì jókòó tì í, kí ó so pátákó L mọ́ ọkọ̀, kí ó sì ṣe ìdánwò níwájú àwọn VIO, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ ọkọ̀ wò, kí ó tó di ẹni tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó yóò ya àwòrán rẹ̀, tí yóò sì gba àmì ìka rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí ń ra ìwé yìí láìfọwọ́ kan sítíárì rí. Ohun tí ó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé àdúgbò wa yìí wà lára ibi tí ìgbìyànjú àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka, tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, tí ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi, wà nídìí iṣẹ́ náà. Òun náà sì ni a fi ṣe alága nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1988.

Ẹ má ṣàì rántí pẹ̀lú pé gbogbo awakọ̀ Nàìjíríà ti di akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ kan rí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Àjíǹde, ni a kúrò ní ọwọ́ òsì títì tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Dírẹ́bà tí ó ti fi ogún ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Iléṣà lọ sí Òṣogbo jókòó sí àyè rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó sì ń wo ọ̀tún wo òsì bí ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba kò dá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní àárín ọyẹ́, mo sì dúpẹ́ fún wọn.

Ní ti ètò tí mo máa fi lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ nínú ọyẹ́, kò gùn. Ọ̀sán ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, láàrin agogo mọ́kànlá sí agogo mẹ́rin, ní ibi tí èrò kò pọ̀ sí. Bí ọwọ́ bá ti mọ jíà, tí ẹsẹ̀ ti mọ bíréèkì láìwá a, kí ọ̀gá rẹ̀ mú un jáde ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, lẹ́yìn náà ní agogo méje, kí ó máa bi í léèrè ní gbogbo ọ̀nà pé kí ni ó rí. Kí ó má ṣe wakọ̀ ní òru nínú oṣù kìíní ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọkọ̀ nínú oṣù kejìlá, kí ó fi owó ọkọ̀ wọ ọkọ̀ akérò relé ọdún. Ìwúdè, ọdún ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò ní sá lọ, Ọwá Obòkun, ọba Ìjẹ̀ṣà, yóò ṣì gun orí ìtẹ́, yóò sì rí i níbẹ̀ ní àlàáfíà.

Oṣù kẹta yóò dé, àwọsánmà yóò ṣú ní ìhà ìlà-oòrùn, ọyẹ́ yóò sì kógbá sílé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ìdánwò ti tán. Eruku oṣù mẹ́rin ṣì wà lórí ọ̀dà títì, epo tí ó ń jò láti ara tírélà sì wà nínú rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ tí yóò rọ̀ lé e lórí kì í tó láti gbá a lọ, yóò kàn pò ó pọ̀ ni, títì yóò sì máa yọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì kí òjò tí ó le tó fọ̀ ọ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀, bí ẹ bá wà ní ìdí sítíárì ní orí òkè kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ fi jíà kejì sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì ní ojijì, kí ẹ sì jẹ́ kí ọlọ́kadà tí ń fọn fèrè lẹ́yìn yín kọjá lọ.